Bí Sùẹ̀gbẹ̀ Ṣe Lè Di Akọni Eré Ìbànújẹ́ ní Sángo-Ọ̀tà

Ìwọ sùẹ̀gbẹ̀ tó o rò pé ìyà tó ń jẹ ọ́ láti ọjọ́ tó o ti dé Sángo ti sọ ọ́ di akọni, ìwọ ni mo ń bá wí. Kò tíì sọ ọ́ di nǹkan kan. Bí tírélà bá tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ní Tóògéètì, jàǹbá ọkọ̀ nìyẹn. Bí lánlọ́ọ̀dù bá kó ẹrù rẹ síta nítorí owó ilé, gbèsè nìyẹn. Àwọn Gíríìkì tó ń ṣe eré ìbànújẹ́ ní Athens ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn kò ní gbà ọ́ láyè lórí pèpéle wọn torí pé ojú rẹ rí màbo. Iṣẹ́ ni. Fara balẹ̀ kí n kọ́ ọ.

Kọ́kọ́ gòkè. Ẹni tó já bọ́ láti orí ẹní, ta ni yóò san owó wá wò ó? Ọba ìlú Thebes ni Oedipus nínú eré Sophocles. Nígbà tí Ọlá Rótìmí gbé ìtàn yẹn wá sí ilẹ̀ Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1968, ọba ló fi Ọdẹ́wálé ṣe, ọba tó gba ìlú Kutuje lọ́wọ́ ọ̀tá kí wọ́n tó fi jẹ oyè. Ìwọ kò lè jọba, Ọlọ́tà kò sì wá igbákejì. Wá ipò súpáfáísọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan. Bí àwọn kásúàlù bá ti ń dìde nígbà tó o bá ń kọjá, ó ti ga tó.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ ènìyàn dáadáa. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín yóò ti pa dà sílé. Ṣùgbọ́n Aristotle, tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ yìí, ti là á mọ́lẹ̀: bí ìkà bá ṣubú, kò sí ẹni tí yóò káàánú rẹ̀, bí ẹni tí kò lẹ́bi rárá bá ṣubú, ọ̀rọ̀ náà kàn máa rí àwọn òǹwòran lára ni. Ẹni tí wọ́n ń wá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan, ibi tó kù sí náà ni àṣìṣe ńlá sì ti máa yọ.

Ibo ni kí ìwọ kù sí? Mú ìbínú, kò wọ́n. Òun ni Ọdẹ́wálé lò. Wọ́n ti sọ fún un pé yóò pa bàbá rẹ̀, ó sì sá kúrò nílé kó má bàa ṣẹlẹ̀. Ó dé ìtòsí Ẹdẹ, ó ra oko iṣu síbi tí ọ̀nà mẹ́ta ti pàdé. Ọjọ́ kan ni bàbá àgbàlagbà kan kó àwọn òṣìṣẹ́ wá, wọ́n ń wu iṣu rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fara dà á. Ìgbà tí bàbá náà fi èdè ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó pe ẹ̀yà rẹ̀ ní ará oko, ni nǹkan yí. Ọkọ́ tó ń ro ló fi pa á. Bàbá tó bí i ni. Sophocles kò jẹ́ ká rí ìjà tirẹ̀, ẹnu la ti gbọ́. Rótìmí gbé e síwájú wa kí ojú wa rí i, kò sì ṣèèṣì. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń para wọn nítorí ẹ̀yà. Ní Sángo, níbi tí Àwórì ti ni ilẹ̀, tí Ẹ̀gbá, Ìgbò, Hausa àti Ègùn sì jọ ń wọ ilé-iṣẹ́ kan náà, o kò ní wá ẹni tí yóò bú èdè rẹ pẹ́. Bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì lábẹ́ bíríìjì, ó tó.

Ó wá kù kó o ṣe ìwádìí, kókó iṣẹ́ náà nìyí. Jẹ́ ká sọ pé dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ yín ń dín. Ní àárọ̀, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń jáde, tí àwọn kásúàlù sì tò sí géètì pẹ̀lú ike oúnjẹ lábíyá, gun orí dúrọ́ọ̀mù kan kó o búra: ẹni yòówù tó bá wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá mi, géètì yìí ló máa gbà jáde lónìí, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Sọ ọ́ sókè. Fi Ògún búra, fi Bíbélì búra, fi Kùránì lé e. Oedipus náà ṣẹ́ èpè fún apànìyàn tó ń wá, kò mọ̀ pé orí ara òun ni òun ń ṣẹ́ ẹ lé.

Bàbá mẹ́gáàdì yóò fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́. “Ọ̀gá,” á ní, “ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́.” Òmùgọ̀ gidi á fi í sílẹ̀, á gba owó ọtí, á lọ sùn, ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé òmùgọ̀ kì í kú ikú akọni. Ìwọ, bú u. Fi “ìwọ” bú u, bàbá tó tó bàbá rẹ. Sọ pé akáùńtáǹtì tó ń wá ipò rẹ ló rán an. Oedipus ní Creon, àna òun, ló ra Tiresias, aríran afọ́jú. Ọdẹ́wálé ní Adérópò, ọmọ ọba àná, ló ra Bàbá Fákúnlé, afọ́jú bíi ti Tiresias. O rí i pé àwọn tó ń ríran nínú eré yìí, ojú kì í sábà sí lórí wọn. Ìyẹn kò kàn ọ́. Ní kí wọ́n kó gbogbo ìwé wá.

Wọ́n á kó o wá. Nínú rẹ̀ ni bébà kan wà tó o fọwọ́ sí lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ, o kò kà á: pé kí tánkà àna rẹ máa wọlé láìwọn epo inú rẹ̀, nítorí ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni. Oore lo rò pé o ń ṣe. Dúró síbẹ̀, má ya bébà náà. Kà á sókè, kí àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyá oníresì ẹ̀gbẹ́ géètì gbọ́.

Àwọn yẹn ni ẹgbẹ́ akọrin rẹ. Sophocles lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nídìí ìrẹsì. Iṣẹ́ tiwọn ni láti mí kanlẹ̀, láti sọ pé “háà, ọ̀gá”, kí wọ́n má sì ṣe nǹkan kan. Má yọ ara rẹ lẹ́nu nípa agọ̀. Ọkùnrin nìkan ló ń ṣeré ní Athens, wọ́n ń dé ìbòjú, wọ́n ń ṣe bí obìnrin. Àwọn ará Ọ̀tà tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ìyẹn, kò sí ohun tí Gíríìkì fẹ́ kọ́ wọn níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ibi tí gbogbo yín ti ń bà á jẹ́: má di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Má sọ pé àwọn ará ilé bàbá rẹ ni. Má dárúkọ àwọn ìyá Ọ̀tà, iṣẹ́ tiwọn ti pọ̀ tó. Bó o bá sáré lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti dá ọfà pa dà sí ọ̀tá tó ta á, o ti yọ ara rẹ kúrò nínú eré, o ti di oníbàárà wòlíì. Òrìṣà lè ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé Ọdẹ́wálé yóò pa bàbá rẹ̀. Kò kọ ọ́ pé kó máa gbaná jẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà. Nígbà tó fọ́ ojú ara rẹ̀ tán, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin, ó jáde nílùú, kò sì jẹ́ kí wọ́n ká a sọ́rùn àwọn òrìṣà. Ìwọ kò nílò láti fọ́ ojú. Gba géètì jáde láìgba kọ́bọ̀, gẹ́gẹ́ bó o ṣe búra. Ìyẹn gan-an ló máa dùn ọ́ jù.

Má sì retí ẹ̀bùn. Eré Oedipus tí gbogbo ayé ń kọ́ lónìí, ipò kejì ni wọ́n fún Sophocles lọ́dún tó gbé e jáde.

Ohun kan kù, ti ilé ni. Ṣàngó, tí àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ pe èrò láti àárọ̀ dalẹ́, Aláàfin ni. Ìtàn rẹ̀ tí Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe Ọba Kò So ní Òṣogbo lọ́dún 1963, tí wọ́n gbé dé Berlin lọ́dún 1964, ni ti ọba tó fẹ́ tẹ́ ará ìlú lọ́rùn, tó ti jagunjagun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ́ọ̀nkáà, síra wọn, tí ọ̀rọ̀ sì yí lé e lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni kò gbà pé ó pokùnso. Ìwọ náà, tètè wá ọ̀rẹ́ méjì tí yóò dúró nídìí ìrẹsì lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á máa tẹnu mọ́ ọn pé wọn ò lé ọ̀gá, òun ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti Ṣàngó wá oògùn àrá tí wọ́n fi ń jó ilé ẹni tó bá jiyàn. Àwọn tìrẹ, ra dátà fún wọn.