Itọ́ Tí A Fi Mítà Wọ̀n

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ bọ́jú. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé irú wèrè bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Kí wọ́n má bínú, wọn ò tíì rí Nàìjíríà nígbà náà. Àwa ń gbé etí odò, itọ́ la fi ń bọ́jú, a sì ti dá ọjà itọ́ sílẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó ń tà á, àjọ tó ń bu iye lé e, mítà tó ń kà á, àti òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó wá gé e fún ẹni tówó bá tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wò ó láti Komu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín), nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn. Lápá Ìsẹ́yìn, tí kò jìnnà sí Komu, ni dáàmù Ìkéré wà. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, láyé ìjọba Shehu Shagari, ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sé odò Ògùn, omi kún, ó tẹ́ lọ salalu. Ètò ni pé yóò bomi rin oko, yóò fún àwọn ìlú lómi mu, yóò sì mú iná mẹ́gáwáàtì 6 jáde. Mẹ́gáwáàtì 6 kò tó Èkó bu jẹ, ṣùgbọ́n fún ìlú tí kò béèrè ju gílóòbù, ẹ̀rọ ata, fíríìjì ọlọ́tí àti iná alurinmọ́rin lọ, ó tó í jó sí. Ológun dé, ológun lọ, ìjọba alágbádá padà dé ní 1999. Omi ṣì wà níbẹ̀, apẹja ń rí oúnjẹ òòjọ́ nínú rẹ̀. Iná ibẹ̀ kò tíì tan gílóòbù kan ní Òkè-Ògùn. Àsìkò ìbò nìkan ni Ìkéré máa ń ṣiṣẹ́: bí olóṣèlú bá ti dárúkọ rẹ̀, àtẹ́wọ́ á sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi odò sílẹ̀, ká padà sórí itọ́. NEPA, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba, dé ní 1972, òfin 2005 sọ ọ́ di PHCN. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n gé PHCN wẹ́wẹ́ fún àwọn oníṣòwò, ìpín tiwa sì bọ́ sọ́wọ́ IBEDC ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọdé kò gbà: bí iná bá dé, “Up NEPA!” ni wọ́n ṣì ń ké. Ní 2020 ni wọ́n wá fi oníbàárà joyè. Báńdì A ni yóò máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, ó kéré tán; Báńdì E, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò rí wákàtí 4. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún Báńdì A fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Lọ́dún kan náà, okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú tó bí ìgbà mẹ́wàá, tí A àti E sì jọ jókòó sínú òkùnkùn kan náà. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti rí ìdọ́gba nínú ọjà yìí.

Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n yọ̀ pé iná ti ga dé ibi tí kò dé rí: ó lé díẹ̀ ní mẹ́gáwáàtì 5,800, fún èèyàn tó lé ní igba mílíọ̀nù. South Africa, tí kò tó ìdajì wa, ń lo ju 25,000 lọ.

Oòrùn wá ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kì í wá oòrùn kiri ní Òkè-Ògùn. Òun ló ń gbẹ èlùbọ́ lórí àpáta láìgba kọ́bọ̀. Ààrẹ Buhari ti ṣèlérí ní Glasgow ní 2021 pé tó bá fi máa di 2060, èéfín Nàìjíríà kò ní ba ayé jẹ́ mọ́, wọ́n sì ṣe ìwé ètò rẹ̀ síta lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Onígbàjámọ̀ kò ka ìwé náà. Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀, I pass my neighbour, kò lè kọjá aládùúgbò kankan mọ́, ló ra sólà. Télọ̀ yọjú wò ó, òun náà ra tirẹ̀. Láàárín oṣù méjìlá tó parí ní oṣù Kẹfà 2025, páńẹ́ẹ̀lì tó wọ Nàìjíríà lé ní mẹ́gáwáàtì 1,700. South Africa nìkan ló jù wá lọ ní Áfíríkà. Ṣé ìjọba dúpẹ́? Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, mínísítà tó ń rí sí sáyẹ́ǹsì ń sọ pé àwọn fẹ́ dá kíkó páńẹ́ẹ̀lì wọlé dúró, kí tilé lè rí ẹni rà á. Ẹni tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́ fọ ojú ara rẹ̀, ẹ bá a gbé kèrègbè rẹ̀ sá lọ.

Nínú ìṣúná ọdún 2025 kan náà, wọ́n ya ₦10 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún sólà ilé Ààrẹ ní Aso Rock. Olórí ọjà fúnra rẹ̀ ti ń ná ọjà níbòmíràn.

N kò dá ẹni tó sá fún òkùnkùn lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Àwọn tó ń sá lọ ni wọ́n ń sanwó déédéé. Wáyà, tiransifọ́má àti gbèsè àwọn tó ń pèsè iná kò bá wọn lọ. Bí ẹni tó kù bá ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù orí wọn yóò máa wúwo, tí ẹlòmíràn yóò tún fi sá. Irú rẹ̀ ń da Pakistan láàmú, níbi tí wọ́n ti kó páńẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́gáwáàtì 17,000 wọlé ní 2024 nìkan. Ní Komu, ìyá tó ń ta gàárì ni yóò kù sẹ́yìn. Páńẹ́ẹ̀lì méjì lè tan gílóòbù, ó lè ṣáájì fóònù, kò lè rin ẹ̀gẹ́. Iná tó ní agbára ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́: yálà ti Ìkéré, tàbí sólà ńlá tí gbogbo ìlú jọ ń lò. Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí $750 mílíọ̀nù fún irú sólà bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2023.

Láti ọdún yẹn náà ni òfin ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti pèsè iná, kí wọ́n sì pín in fúnra wọn, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Ìbàdàn kò lè máa nawọ́ sí Àbújá mọ́. Ṣùgbọ́n àwáwí kì í tán. Dáàmù jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, wáyà jẹ́ ti oníṣòwò, òfin ti di ti ìpínlẹ̀. Oòrùn nìkan ni kò tíì ní ọ́fíìsì, ìyẹn náà kò sì ní pẹ́: ẹnìkan ti ń wá ibi tí wọn yóò so mítà rẹ̀ mọ́.