Ogún Dẹ́rẹ́bà

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ọ́ kiri agboolé pé bàbá mi ò fi ogún sílẹ̀, ẹ fa àpótí mọ́ra, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ò tíì pé tí ẹnìkan nínú mọ̀lẹ́bí ti lọ tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wò. Mi ò ní dárúkọ o. Ẹni tó máa ń gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì níbi ìnáwó kan ṣoṣo ni. Kí ló bá níbẹ̀? Ìwé ìwakọ̀ tó ti gbó àti bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó tiẹ̀ gbé bàtà náà lọ.

Bọ́lẹ̀kájà ni bàbá mi ń wà, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ló ń ná. Nígbà tí ìjọba Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, gbogbo dẹ́rẹ́bà gáréèjì ló ń fọ́nnu pé kékeré nìyẹn. Bàbá mi ò fọ́nnu ní tiẹ̀. Ó ya aṣọ pupa lára ògbólógbòó ìró ìyá mi, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ lè máa bọ́ sí i tó bá ti di sítíárì mú. Wọ́n ń pè é ní Oníṣàngó. Ó ní, "Ẹ máa pè mí. Ọwọ́ tó ti mọ òsì láti ọjọ́ tó ti mọ ọkọ̀, èmi ò gbà á gbọ́."

Ìyàwó télọ̀, o kú ìrọ̀lẹ́ o! Ọjà ti tú? Ó dáa, bá mi kí wọn nílé.

Ó ti lọ. Ẹ rí ìró tó ró yẹn? Tèmi ni. Láti ọdún Iléyá.

Níbo ni mo dé? Owó. Náírà dé lọ́jọ́ kìíní ọdún 1973, ṣùgbọ́n ṣílè mẹ́wàá ni bàbá mi ń pe náírà kan títí ó fi kú. Kò sí owó tí kì í kà lójú ẹni tó fún un. Á fi itọ́ tọ́ àtàǹpàkò, á máa ṣí i níkọ̀ọ̀kan. Èmi ọmọ rẹ̀ fún un lówó ọdún, ó kà á lójú mi, ó tún un kà, ọkọ mi sì jókòó síbẹ̀. Mo bínú. Ó ní, "Tí mo bá kà á lẹ́yìn rẹ tó dín, ta ni kí n rò ó sí? Ìwọ ni mò ń gbà sílẹ̀." Ẹ wo ẹnu!

Ti 1984 ló wá pabanbarì. Buhari àti Idiagbon pa àwọ̀ owó dà, wọ́n ti ẹnubodè, ọjọ́ tí wọ́n fún aráàlú láti pààrọ̀ owó ò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì. Lánlọ́ọ̀dù wa tó ń rán owó sínú tìmùtìmù ló bá ń fi abẹ tú u lóru, òwú ń fò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wa ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, torí ó le lórí owó ilé ju kèǹgbè lọ. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bá baba náà to ìlà ní báǹkì láti ìdájí, ó tún gbé àpótí dání fún un. Ìgbà tó dé, ó ní kí n lọ gbá òwú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Èmi! Mo gbá a. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ẹni tí owó dàrú mọ́ lọ́wọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, àfi ẹni tó bá tọ́ sí.

Èyí tí mo mú dání jù ni ti jáàkì tó yá ẹnìkejì rẹ̀ ní gáréèjì. Ó ní ohun tí èèyàn bá yáni, kó tètè béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà láàárín wọn. Tó bá di pé inú ti ń bí i, ìjà ló máa gbà wálé, kì í ṣe jáàkì.

Èmi àti ìyàwó télọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gba ọ̀dọ̀ wọn lọ, kó bá mi sọ fún un pé kó fọ ìró yẹn, kó gbé e wá kó tó di Jímọ̀. Mò ń lọ síbi ìkómọ.