Ilé Di Oko, Oko Di Ilé

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, ìgboro ni ilé wọn wà, ẹ̀yìn odi ni oko wà. Ẹni tó ní oko etílé á lọ láàárọ̀, á dé kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí tirẹ̀ jìnnà á pa ahéré síbẹ̀, á sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á wá ru iṣu wálé. N ò gbọ́ ọ rí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ kọ́lé aláruru sínú igbó, kó wá máa ti ibẹ̀ wá roko nígboro.

Àwa la gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tá a jọ gbé ní Múṣín. Owó ilé ń gorí owó ilé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké sí i létí, ló bá ní òun ń lọ gba atẹ́gùn. Ó ra pulọ́ọ̀tì lọ́nà Ọ̀fàdà, téèyàn bá ti yà ní Mówè. Àwọn tó tà á fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni sí Ìkẹjà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ àṣá ni yóò gbé e.

Aago mẹ́rin kò ní í tíì lù tó fi ń jí. Sálúbàtà ló ń wọ̀ jáde nítorí ẹrẹ̀, bàtà ọ́fíìsì wà nínú ọ̀rá. Ọ̀kadà á gbé e dé títì márosẹ̀, dánfó á gbé e dé ọjà màlúù Kàrà, níbi tí sún-kẹẹrẹ ti ń fún àwọn màlúù láyè láti wo ojú rẹ̀ dáadáa. Reluwé tí wọ́n ṣí ní 2024 ń gba Múṣín àti Yábàá kọjá lóòótọ́, àmọ́ Agbádó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò mọ Mówè rí. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀dà wo ni wọ́n kun ilé rẹ̀. Ó ronú títí. Òkùnkùn ló ń bá a jáde, òkùnkùn ló ń bá a wọlé. Sátidé ńkọ́? Òde àríyá ń bẹ ní Sùúrùlérè.

Sùúrùlérè yìí náà ti jẹ́ oko rí o. Láti 1955 ni LEDB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún Èkó ṣe, ti ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, ṣèwádìí láàárín wọn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1961: owó ọkọ̀ ń jẹ wọ́n, oníṣòwò ń wá oníbàárà tì, ẹbí ti jìnnà sí ẹbí. Ṣùgbọ́n ìjọba ló kó àwọn yẹn lọ. Ọ̀rẹ́ mi san owó ilẹ̀, ó san owó ìpìlẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀, ó tún san owó òrùlé, kó tó rí ìyà tí wọ́n fún àwọn yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lóṣù tó kọjá ló pè mí: ṣé òun lè máa sùn ní pálọ̀ wa láti Mọ́ńdè di Tọ́sìdeè? Òun á gbé ẹní òun dání.

Ọjọ́ Ajé ló dé, àpò kan ń bẹ léjìká rẹ̀: ẹ̀gẹ́, ewédú, ata díẹ̀, ohun tí ìyàwó rẹ̀ gbìn sẹ́yìnkùlé. Ìyàwó mi sọ̀ ọ́ fún un, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ kú àbọ̀ oko."

"Hòo," ni ọ̀rẹ́ mi wí, ó sì jókòó, ó ń yọ ẹrẹ̀ lára sálúbàtà.