Bí Mo Ṣe Sọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Di Ilé Ẹ̀kọ

Ẹni tó bá ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń rò pé kò sí ẹni tí òun ò lè kọ́ lórin. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé iléèwé aládàáni kan láàárín Ìkẹjà àti Agége ń wá olùkọ́ orin fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ̀rín ni mo rín. Ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje! Èmi tí mo ti bá àwọn màmá onísopránò fa ọ̀rọ̀ lórí orin Handel títí ilẹ̀ fi ṣú! Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

CCA (Cultural and Creative Arts) ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi lórí àtẹ àkókò. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àwòrán yíyà ló wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí. Kí n tó dé, àwòrán nìkan ni wọ́n ń yà, ọkàn gbogbo èèyàn sì balẹ̀.

Mo múra lọ. John Curwen, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tó tan ìlànà dò-re-mí kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, fi àmì ọwọ́ kún un: ẹ̀ṣẹ́ dídì ni ‘dò’, àtẹ́lẹwọ́ tó dojú bolẹ̀ ni ‘mí’. Kodály ará Hungary gba àmì náà fún ìkọ́ni àwọn ọmọdé, ayé sì ń yìn ín dòní. Ni mo bá dúró níwájú kíláàsì, mo di ẹ̀ṣẹ́, mo nà án síwájú. Gbogbo ìlà àkọ́kọ́ fi ọwọ́ bo orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi ni mo pariwo.”

Mo pẹ̀tù sí wọn nínú, mo wá kọ ‘dò’. Wọ́n dáhùn pé, “Àmì ìsàlẹ̀!” Mo kọ ‘re’. “Àmì àárín!” Mo kọ ‘mí’. “Àmì òkè!” Olùkọ́ Yorùbá wọn kò jẹ owó ìjọba lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìjọba ló ń san án. Mo béèrè ohun tó kàn lẹ́yìn ‘mí’. Wọ́n wo ara wọn lójú. “Ó tán, Ọ́ńkù.”

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ohùn mẹ́ta yẹn náà ni wọ́n ti fi ń sunkún, tí wọ́n fi ń tọrọ owó bisikíìtì láti ìgbà tí wọ́n ti dáyé. Ṣùgbọ́n mo ta kú pé ó ku ‘fá’, ó sì ku ‘só’.

Kò yẹ kí n sọ eléyìí síta. Èmi tí wọ́n bí síbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, tí mo ń fi Yorùbá lá àlá, ni mo dúró níwájú kíláàsì tó kún dẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ sókè, mo ní, “Ó yá, gbogbo yín: só!” Ẹ̀rín tó bú jáde dé ọ́fíìsì. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ onígbọràn, tí màmá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún pé ohun tí tíṣà bá ní kó ṣe ni kó ṣe, ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo ti kọ́ wọn ní ìyókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ohùn tèmi fúnra mi. Báàsì ni mí. Ibi tó rọ̀ mí lọ́rùn ni mo ti ń dá orin, mi ò rántí pé okùn ohùn ọmọdé kúrú, pé òkè ‘C’ àárín dùùrù, láti ‘D’ lọ sí bíi ‘A’, ni ohùn rẹ̀ ti ń já geere. Àwọn ọmọ náà kò kọ̀ fún mi o. Wọ́n bá mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́ inú gọ́tà. Àǹtí kíláàsì kejì ránṣẹ́ wá béèrè bóyá ara wọn yá.

Mo gbé kíbọ́ọ̀dù mi wá láti ilé kó lè máa fún wọn lóhùn. Wọ́n mú iná lọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n burúkú kan ti sọ sí mi. Lẹ́yìn ọgbà iléèwé náà, iléeṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, jẹnẹrétọ̀ wọn sì ń kùn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà àádọ́ta ni iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkùn jẹnẹrétọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ‘G’ tó wà nísàlẹ̀ dùùrù mu. Mo ti rí dùùrù ọ̀fẹ́ tí kò ní mu epo mi! Mo ní kí àwọn ọmọ máa tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó lanu. Mi ò bi ara mi léèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ míì mọ́ ọn.

Màdáámú, ọ̀gá iléèwé wa, wá ní kí n ṣe orin iléèwé fún ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo ti ka Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips. Bàbá yẹn tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Marina, ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Ó ní ohùn ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ṣáájú ohùn orin. Wọ́n bi mí nípa rẹ̀ nínú ìdánwò. Mo gba máàkì tó dáa. Mo wá délé, mo kọ́kọ́ hun orin bíi ti òyìnbó, mo ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

Àwa tí a dàgbà sínú ìwé orin mímọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí orin lọ́ lọ́rùn títí etí wa fi kú sí i. Etí ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì kú. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ‘Ilé-ẹ̀kọ́ wa dára’, orin mi kò jẹ́ kí ‘kọ́’ gòkè tó. Ọmọbìnrin kan nawọ́. “Ọ́ńkù, àkàrà ńkọ́?”

Mo ní kó jókòó. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde lọ ṣeré, àkàrà ti wọnú orin. Bí àwọn ti iwájú bá ti ní ‘Ilé ẹ̀kọ wa dára’, àwọn ti ẹ̀yìn á gbè é: “Pẹ̀lú àkàrà!” Mo bẹ̀ wọ́n, mo halẹ̀ mọ́ wọn, mo fi bisikíìtì tù wọ́n. Ègbè yẹn bọ́ sákòókò ju gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn lọ.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí kún abẹ́ àtíbàbà. Mo na ọwọ́, àwọn ọmọ tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé orin. Kò tíì pẹ́ tí iléeṣẹ́ ọlọ́rá fi tan ẹ̀rọ kejì. Jẹnẹrétọ̀ kérora, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀, gbogbo ọmọ já pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù sókè. Bààlúù kan tó ń lọ bà sí Murtala Muhammed gba orí wa kọjá, ó bo ẹsẹ̀ kejì mọ́lẹ̀, mo sì dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, ohun tó kù tó mọ́ gaara ni “Ilé ẹ̀kọ wa dára!” “Pẹ̀lú àkàrà!” Onígángan tí wọ́n gbà fún ayẹyẹ náà rẹ́rìn-ín, ó gbé apá fún ìlù, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan.

Ìyá Ẹlẹ́kọ tó ń pàtẹ lẹ́nu géètì gbọ́. Ó sọ igbá kalẹ̀, ó jó wọlé, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, ó ń gbàdúrà pé iṣẹ́ mi ò ní bàjẹ́. Màdáámú wò mí, kò wí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí sí ọ́fíìsì. Mo ti kó ìwé mi sínú báàgì tán.

“Ọ́ńkù Músíìkì, ẹ lọ rí Ìyá Ẹlẹ́kọ. Ó ní kí ẹ bá òun fi nọ́ńbà fóònù òun sí ẹsẹ̀ kejì.”

Mo gba nọ́ńbà náà. Ọ̀dọ̀ onígángan ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ.