Orí Mi Kejì Dà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá rí orí kan tí kò ní olúwa lágbègbè ilé ìjọba, kó bá mi gbé e pa mọ́. Tèmi ni. Mo ti sanwó rẹ̀. Ìwé ìsanwó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì gùn bí igbà adẹ́mu. Àwọn bàbá wa tó sọ ọ́ ní owó orí mọ ohun tí wọ́n ń wí: orí kan, owó kan. Kò sí ẹni tí Àjàlá mọ orí méjì fún. Èmi san ti méjì. Nínú kí ìjọba dá owó mi padà àti kó gbé orí kejì fún mi, ó yẹ kó mú ọ̀kan.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò ní ọ̀gá. Mò ń túmọ̀ ìwé, mo sì ń tún èyí tí ẹlòmíì ti kọ bàjẹ́ kọ. Gbogbo ohun tó wọlé fún mi lọ́dún 2024 jẹ́ ₦1,150,000. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù, ọ̀gá yín á ti yọ owó orí kúrò kí owó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ ò rí i sójú débi tí ẹ máa sunkún rẹ̀. Àwa tí a ò ní ọ̀gá la máa ń fi ẹsẹ̀ ara wa gbé tiwa lọ bá wọn, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú ló gbé mi dìde. Iléeṣẹ́ kan ló fẹ́ gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún mi, wọ́n ní kí n mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Mo bá ṣírò. Òfin ìgbà náà ní kí n kọ́kọ́ yọ ₦200,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí n tún yọ náírà ogún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé. Ó ku ₦720,000. Nínú ₦300,000 àkọ́kọ́, náírà méje lórí ọgọ́rùn-ún. Nínú ₦300,000 tó tẹ̀ lé e, mọ́kànlá. Nínú ìyókù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di ₦72,000 géérégé. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ó lè dín. Kò dín.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn gan-an ni mo tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo tẹ ohun tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Òrùka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀. Ó yí, yí, yí. Mo lọ bu omi mu, mo padà dé, ó ń yí. Fóònù mi dún: báńkì ti yọ ₦72,000. Mo wo kọ̀ǹpútà: ẹ ò tíì sanwó. Báńkì ní mo san, ìjọba ní mi ò san, aago sì ti lé ní mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì pẹ́ san, ìtanràn náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ń dúró dè é, èlé á tún gun ìtanràn náà lẹ́yìn.

Ìyá Ìbejì ké sí mi láti ilé ìdáná: "Bàbá Ìbejì, ẹ ní sùúrù o." Èmi tí ẹ̀rù ìjọba ń bà ju ẹ̀rù ìyàwó lọ, mo tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òrùka ò yí rárá. Wàrà, báńkì yọ ọ́. Wàrà, ìwé ìsanwó jáde. Mo ní Ọlọ́run ṣeun. Ilẹ̀ mọ́, ìwé ìsanwó mìíràn wọlé wẹ́rẹ́, ti owó àkọ́kọ́, wọ́n sì kí mi kú ìnáwó sí abẹ́ rẹ̀. Nílé wa, rírà méjì méjì ò ṣàjèjì: bàtà méjì, báàgì ilé ìwé méjì, akàrà méjì kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó orí ò sí lára ohun tí wọ́n ń rà fún ìbejì.

Mo múra, mo gba ọ́fíìsì wọn lọ. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ṣì ń gbé. Níwájú, níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ojú ìsanwó mẹ́fà ló wà, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ọmọbìnrin kan sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó wọlé. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ jókòó sà." Mo ní owó ni mo fẹ́ gbà padà. Ẹ̀rín wábi gbà. Ó nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí gílóòbù rẹ̀ ti jó. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni mo ti bá yàrá kan, tábìlì kan, fáìlì tó ga dé àjà, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bó ẹ̀pà jẹ.

Mo ṣàlàyé. Ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀.

"Ẹ san án lẹ́ẹ̀mejì?" Ó yíjú sí yàrá kejì. "Ẹ wá wo Bàbá yìí o! Wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì!"

Àwọn mẹ́ta jáde wá wò mí bí ẹni wo kìnnìún inú ọgbà ẹranko. Ìyá àgbà kan nínú wọn ní nínú ìlú tí àwọn kan ò tíì san ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, Ọlọ́run á bù kún mi. Mo ní àmín. Mo ní owó ńkọ́, mà?

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀," ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní. "Owó yín ò sọnù. Ó wà níbẹ̀."

"Níbo?"

"Nínú sístẹ́ẹ̀mù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un jáde nínú sístẹ́ẹ̀mù."

"Háà, kò ṣeé mú jáde báyẹn sà. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń tu ẹni tí òkú kú fún nínú gan-an nìyẹn: bàbá yín ò lọ, wọ́n wà pẹ̀lú yín, ẹ ò kàn ní rí wọn mọ́ ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi í pé ọjọ́ wo là ń ṣe ogójì.

Ó gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Kí n mú ìwé àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà wá, kí báńkì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kí n mú ìwé ìsanwó méjèèjì, àti fọ́tòkọ́pì wọn. Kí n kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Kí n lọ búra ní kóòtù. Búra kí ni? Pé èmi kan náà ni mo san méjèèjì. Akọ̀wé kóòtù tó bá mi tẹ̀ ẹ́ gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó bi mí bóyá mo ní ìbejì. Mo ní mo bí ìbejì, wọn ò bí mi mọ́ ìbejì. Ó ní ìyẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé. Bí mo ṣe gbé Bíbélì sókè nìyẹn, mo fi Ọlọ́run búra pé ènìyàn kan ṣoṣo ni mí. Ẹ sì rántí o: lọ́jọ́ tí mò ń sanwó, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi ni èmi.

Ojú kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè ìdí tí owó fi lé. Mo kọ "àṣìṣe". Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́pà ní rárá. Àṣìṣe ta ni? Tó bá jẹ́ tèmi, kí ló kan ìjọba níbẹ̀? Tó bá jẹ́ ti ìjọba, ta ló máa fọwọ́ sí i pé ìjọba ṣàṣìṣe? A jọ jókòó, a rò ó. A kọ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì". Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní ìyá, kò ní bàbá, kò sẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀.

Kì í ṣe pé òfin ò rí irú wa. Èyí tó dá àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2007 sọ ọ́ kedere nígbà náà pé kí wọ́n dá owó tó lé padà láàárín ọjọ́ 90 tí wọ́n bá ti pinnu pé lóòótọ́ ló lé, tàbí kí ẹni tó ni ín jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ mọ́ owó orí tó ń bọ̀. Ẹ wo "tí wọ́n bá ti pinnu" yẹn dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n ju àjàpá lọ.

Ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n ya àpò kan sọ́tọ̀ fún dídá owó padà. Ní ti ìpínlẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 120, ní kí owó tó bá wọlé bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á yọ níbẹ̀ àfi tí òfin bá ti yọ̀ǹda ìnáwó náà. Mo ti ń rí i lójú ara mi. Ọlọ́lá kan á dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, á tún agbádá rẹ̀ gbé sí èjìká, á ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orí Bàbá Ìbejì. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n á yan ìgbìmọ̀ kékeré, ìgbìmọ̀ náà á wọkọ̀ òfurufú lọ sí Dubai láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá owó orí padà, ní Dubai tí wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù ẹnikẹ́ni.

Tèmi tiẹ̀ sàn. Ẹ wo àwọn tó ń jáde láti Mowé àti Ìbafò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wọ Èkó lójoojúmọ́ láago márùn-ún àárọ̀. Ibi tí ènìyàn fi ṣe ilé lòfin ní kó san owó orí sí, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀gá kan ṣèèṣì fi owó náà ránṣẹ́ síbi tí tábìlì wà dípò ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà, ìpínlẹ̀ kan á di etí ọ̀tún mú, èkejì á di tòsì. Wọn ò ní bi ẹni tó ni etí bóyá ó ń dùn ún.

Ìyá Ìbejì ní kí n yé da ara mi láàmú. Ó ní bóyá orí òde ni mo san ti àkọ́kọ́ fún, tí mo sì san èkejì fún orí inú. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, orí inú tó sanwó ọdún kan sílẹ̀ ò gbọdọ̀ tún jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ẹ fi san tọdún tó ń bọ̀." Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá padà lọ, ọjọ́ 90 sì ti yí po lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní èmi ni mo jẹ wọ́n, èlé ì bá ti máa gorí ara wọn. Àwọn ló jẹ mí, ó di àmúmọ́ra. Alájọ ọjà wa ń yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù, ó ń kó ìyókù fún onítọ̀hún. Kí alájọ dúró láàárín ọjà, kó ní owó yín wà nínú sístẹ́ẹ̀mù. Ẹ mọ ohun tí àwọn ìyá ẹlẹ́ran máa fi dá a lóhùn.

Wọ́n ní nǹkan ti yí padà. Òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026. Ẹni tí owó rẹ̀ tí wọ́n máa ṣírò ò bá ju ₦800,000 lọ́dún, òdo ni tirẹ̀. Mo bá wọn yọ̀: òdo nìkan ni ènìyàn lè san lẹ́ẹ̀mejì tí kò ní wá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Wọ́n tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tó máa gbọ́ ẹjọ́ àwa tí owó orí ń ṣe níkà. Mo ti kọ lẹ́tà mi. Mo fi ìbúra kóòtù sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé ènìyàn méjì ló kọ ọ́.

Àmọ́ owó 2025 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́, oṣù kẹta sì tún ti dé. Ọdún náà ò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ, ₦1,050,000 ló wọlé, owó orí rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,000. Mo ní ó parí: kí wọ́n yọ ọ́ nínú ₦72,000 mi, kí wọ́n fi ₦12,000 ra ẹ̀pà fún ọmọ yẹn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Gbèsè tí ẹ jẹ: ₦60,000. Owó tí ẹ ní nílẹ̀: òdo.

Iléeṣẹ́ ìtumọ̀ náà tún ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí tuntun. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Òrùka kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fóònù dún: báńkì ti yọ ọ́. Òrùka ń yí. Mo na ìka.

"Bàbá Ìbejì!" Kò tiẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

Mo gbé e kúrò. Mo fi ìdí jókòó lé ọwọ́ méjèèjì, mo ń wò ó bó ṣe ń yí.