Àkùkọ Bàbá Onílé àti Ọjọ́ tí Federer Fìdí Rẹmi

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n ròyìn bí àkùkọ ṣe dọ̀rọ̀ nílé wa. Èmi kì í ṣe olófòófó o. Ojú mi ló ń rí, etí mi ló ń gbọ́, ẹnu mi ni kò ní ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 14 oṣù Keje, ọdún 2019. Àṣekágbá Wimbledon bọ́ sí àárín Roger Federer àti Novak Djokovic. Nílé tiwa ní àdúgbò Mọ̀kọ́lá, yàrá 12 la ní, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló ń gbé tẹ́níìsì jáde, ti Bàbá Onílé sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó a gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ dání, torí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìdí kan àga tìmùtìmù Bàbá. Ọ̀rọ̀ àga yẹn náà ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Federer ni Bàbá Onílé fi ṣe ọmọ. Ó ní ọmọlúàbí ni, pé kì í làágùn bí àwọn yòókù. Lọ́dún yẹn, ọkùnrin náà ò ju oṣù kan lọ sí ẹni ọdún 38, ó sì ti gba ife Wimbledon lẹ́ẹ̀mẹjọ. Bó bá ti fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá a wọ bùbá funfun, ṣòkòtò funfun, a dé fìlà funfun lé e, bí ẹni pé wọ́n máa tó ránṣẹ́ pè é kó wá bá Federer gbá apá kan.

Télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀, ẹ̀yìn Djokovic ló wà. Ẹ bi mí pé kí ló dé. Koríko ni! Bí Djokovic bá gba Wimbledon tán, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a já koríko pápá náà, a sì jẹ ẹ́. Ọdún 2011 ni Télọ̀ kọ́kọ́ rí i, ó ní ọkùnrin tó lè jẹ koríko lójú gbogbo ayé kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìyá Ẹlẹ́pà tá a jọ ń gbélé ní ewúrẹ́ òun náà kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún ní Djokovic kì í jẹ ohun tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, ni Télọ̀ bá pa búrẹ́dì tì fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́bàá kànga (èmi ò bi í o) pé owó gaàrí ti fẹ́ lé àwọn nílé.

Bàbá Onílé ní bí Federer bá fìdí rẹmi, kí Télọ̀ mú àkùkọ òun, àkùkọ pupa tó máa ń lé ọmọdé kiri yẹn. Télọ̀ ní bí Djokovic bá fìdí rẹmi, òun á rán agbádá fún Bàbá lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ilé ṣe ẹlẹ́rìí.

Aago méjì ọ̀sán, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́pà kò wo tẹ́níìsì rí. Ó ní bí wọ́n bá ka 15, tí wọ́n ka 30, ṣé kì í ṣe 45 ló kàn? Ta ló jẹ márùn-ún tó fi di 40? Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Ìgbà tó tún gbọ́ pé òdo ni wọ́n ń pè ní ìfẹ́ nínú eré náà, ó fọwọ́ lẹ́rán: “Ìfẹ́ ni òdo? A jẹ́ pé wọ́n mọ bàbá àwọn ọmọ mi!”

Bàbá bínú. Ó ní òun ò kọ́ tẹ́níìsì lẹ́nu ẹlẹ́pà, pé òun wà l'Ékòó ní oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbé ìbọn wọ pápá tí Arthur Ashe ti ń bá Jeff Borowiak gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n lé àti òṣèré àti òǹwòran dà sí títì. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n pa Múrítàlá, olórí ìjọba ológun, nígbà náà. Pé ó ṣẹlẹ̀, òótọ́ ni. Pé Bàbá wà níbẹ̀ ni mi ò lè búra sí, torí ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣe tíṣà sọ pé Ṣakí ló wà lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọ̀rọ̀ Nduka Odizor, gbogbo wa la máa ń dákẹ́. Ọmọ tó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń gbá a l'Ékòó ló dé Wimbledon lọ́dún 1983, tó na Guillermo Vilas tí wọ́n tò sí ipò kẹrin, tó sì rìn títí dé ìpele kẹrin. Ohùn Bàbá máa ń yí padà bó bá ń sọ ọ́.

Ibo ni mo bá a dé ná? Ẹ̀n-ẹ́n. Djokovic gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, Federer gba ìkejì, Djokovic gba ìkẹta, Federer gba ìkẹrin. Gbogbo òǹwòran ń pariwo “Roger! Roger!” Djokovic sọ lẹ́yìn náà pé bí wọ́n bá ti ń pe Roger, Novak lòun ń gbọ́. Mo ní Télọ̀ ló kọ́ ọ, torí bí a bá pè é pé kó wá san owó iná, ohun mìíràn lòun náà ń gbọ́.

Sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, Federer ní 8, Djokovic ní 7, Federer ló ń sáàfù, ó dé 40 sí 15. Pọ́ìntì kan péré ló kù. Wọ́n mú iná lọ.

Bàbá fò sókè: “Ó ti parí!” Ó ṣí móòtì, ó pe Télọ̀ kó wá wọn agbádá. Télọ̀ náà mú téèpù wá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti wọn èjìká, ó wá ku gígùn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti fa jẹnẹrétọ̀, tí àwòrán yọ: 8 sí 8! Nínú pọ́ìntì méjì tí Federer ìbá fi gbà á, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbá ìkan síta, Djokovic sì gbá ìkejì kọjá lára rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, pé ẹ̀rọ náà ló fà á.

Wọ́n bá a dé 12 sí 12, wọ́n ní táì-bírékì, ìyẹn pọ́ìntì àṣeparí tí wọ́n fi ń já ọ̀mì, ló kù. Ọdún yẹn gan-an ni Wimbledon mú òfin náà wọlé, nítorí pé lọ́dún tó ṣáájú, Anderson àti Isner, agbátẹ́níìsì méjì, gbá sẹ́ẹ̀tì karùn-ún dé 26 sí 24. Isner yìí kan náà ló bá Mahut gbá a fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́dún 2010, wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 5, tó parí sí 70 sí 68. Ká ní ti ìgbà yẹn ni, à bá ta ilé ra bẹntiróòlù.

Djokovic gbà á, 13 sí 12, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 57. Télọ̀ sáré lọ sẹ́yìn balùwẹ̀, ó já koríko, ó jẹ ẹ́. Ìyá Ẹlẹ́pà ní kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ewúrẹ́ òun.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ náà, Nàìjíríà kojú Àlùjíríà ní Káírò nínú ìdíje bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ti di 1 sí 1, ìṣẹ́jú karùn-ún àfikún, ni Mahrez ti Àlùjíríà bá gbá fìríkíìkì wọlé. Bàbá wọlé lọ sùn láìjẹun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Télọ̀ lọ bèèrè àkùkọ. Bàbá yọ ìwé kan jáde. Ó ní Federer gba pọ́ìntì 218, Djokovic gba 204: tíṣà ìṣirò lòun, kí ẹnikẹ́ni wá sọ fóun èwo ló pọ̀ jù.

Àkùkọ yẹn kú fúnra rẹ̀ lọ́dún 2022, ọdún tí Federer fẹ̀yìn tì. Télọ̀ kò tíì rí gbèsè rẹ̀ gbà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gba Mọ̀kọ́lá kọjá, tẹ́ ẹ rí bàbá kan tó wọ funfun láti òkè délẹ̀, ẹ bá wa sọ fún un pé 13 sí 12 ni.