Alága Gáréèjì àti Ògiri Rẹ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, alága gáréèjì Ojúẹlẹ́gbà. Ọjọ́ tó gorí àga ló ti ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: MÁ TỌ̀ SÍBÍ, OWÓ ÌTANRÀN ₦5,000. Ilé ìtọ̀ ò sí nítòsí, ìyẹn ò sì kan alága. Ewúrẹ́ san. Àgbò san. Ajá, tó jẹ́ pé ara ògiri ni baba ńlá rẹ̀ ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè, san títí ó fi wọ gbèsè.

Lóru ọjọ́ kan, Ìjàpá jí àpò ìrẹsì méjì lọ́jà Ojúwòyè ní Mushin. Kò fẹ́ kí alábàárù mọ̀, ló bá dá a gbé. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún kàù! Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ó fi róòbù pa á, ìrora náà gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀. Kò pẹ́, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Kò tíì so ṣòkòtò tán tí òmíràn ti ń pè é. Ló bá ń sáré lọ sídìí ògiri, orin lẹ́nu:

Ẹ̀yìn ń dùn mí o,
*Jàlàńkátó!*
Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí o,
*Jàlàńkátó!*
Èmi ni mo lògiri,
*Jàlàńkátó!*
Ẹ jẹ́ n tọ̀ díẹ̀,
*Jàlàńkátó!*

Ajá gbá a mú. "Alága, ẹ san tiyín!"

"Kì í ṣe èmi, ẹ̀yìn mi ni!"

Gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e lọ sí Ìgbóbì, níbi tí wọ́n ti ń to eegun láti 1945. Dókítà Lékeléke kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, bóyá ìtọ̀ ṣúgà ni tàbí kòkòrò àìsàn. Kò rí nǹkan kan. Ó ya àwòrán ẹ̀yìn.

"Òótọ́ ni Alága sọ. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn yín ti yọ síta, ó ń tẹ iṣan tó ń jíṣẹ́ láàárín ọpọlọ àti àpò ìtọ̀. Ẹ má tìtorí ẹ̀ sá fún omi o. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ yín bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí ò wá, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dé ibí. Ẹni tó bá fi falẹ̀ lè máa tọ̀ sára títí láé."

Kí ni Ìjàpá rí mú nínú gbogbo èyí? Lẹ́tà! Ó bẹ dókítà kó kọ ọ́ pé òfin ògiri kò mú ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Bó ṣe gbà á, ó di Yaba, ó ṣe fótókọ́pì rẹpẹtẹ, ó ń tà á ní ₦2,000. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ̀yìn gbogbo èrò Ojúẹlẹ́gbà ti ń dùn wọ́n, àfi alábàárù, tí tiẹ̀ ń dùn ní tòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò lówó lẹ́tà.

Owó ìtanràn àti owó lẹ́tà ṣì wà lábẹ́ ìkarahun alága. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá wa bi í pé ìgbà wo ni yóò kọ́ ilé ìtọ̀.